Tí wọ́n bá bù nínú owó ààbò fún ilé ìwòsàn àti ilé ìwé, ṣé a ò ní kábàámọ̀?

Ìyá Tíṣà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síbí kí àwọn tó mọ̀ jù mí lọ bá mi tú u wò.

Ìyàwó àbúrò mi rọbí lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Abúlé ni wọ́n ń gbé, ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì kan péré la bá. Òun ni agbẹ̀bí, òun ló ń kọ káàdì, òun náà ló ń gbálẹ̀. Kò síná. Ó ki fóònù rẹ̀ sẹ́nu, ó fi eyín dì í mú, iná ẹ̀yìn fóònù yẹn ló fi gbẹ̀bí. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á yọ fóònù, ibẹ̀ á ṣókùnkùn, á ní "Ẹ rọra tì í," á tún dá a padà sẹ́nu. Fìríìjì tó yẹ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé wà nínú rẹ̀, fáìlì ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ọmọ wá sáyé láyọ̀, obìnrin ni, ara ìyá náà sì le. Ṣùgbọ́n mi ò lè fojú kan oorun nígbà tí mo délé.

Mo wá lọ wo ohun tí ààrẹ kà fún àwọn aṣòfin lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, nípa owó tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ ná ní 2025. Ààbò: tírílíọ̀nù 4.91 náírà. Ẹ̀kọ́: 3.52. Ìlera: 2.48. Owó ààbò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ìlera. Ti ọdún tó ṣáájú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, 3.25 fún ààbò, 1.33 fún ìlera. Bẹ́ẹ̀ Abuja wa níbí ni àwọn olórí Áfíríkà jókòó sí lóṣù Kẹrin 2001, tí wọ́n ṣèlérí pé nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún náírà tí ìjọba bá ná, márùn-ún-dín-lógún á jẹ́ ti ìlera. Ilé wa ni wọ́n ti búra, àwa la kọ́kọ́ gbàgbé.

Ìbéèrè mi rèé: kí ló dé tí a ò lè bù díẹ̀ nínú ti ààbò? Ogun wo là ń jà tí kò tíì tán láti 2009?

Ọmọ Ekìtì

Ìyá wa, ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ ọn, ẹ máà bínú.

Ọjọ́ 29 oṣù Kínní ọdún 2024, wọ́n jí àwọn ọmọléèwé àti àwọn tíṣà wọn gbé ní Emùré-Ekìtì. Inú mọ́tò ilé ìwé ni wọ́n wà, wọ́n ń padà sílé. Lọ́jọ́ kan náà yẹn, ní Ekìtì kan náà, wọ́n yìnbọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà. Ọba o! Ẹ tún lọ bi àwọn ará Ọ̀wọ̀ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022.

Ẹ kọ́ ilé ìwé tán, ẹ kun ún lọ́dà, ẹ kó ìwé ọ̀fẹ́ síbẹ̀. Ta ló máa jẹ́ kọ́mọ rẹ̀ gba ọ̀nà yẹn? Àbúrò mi obìnrin jẹ́ tíṣà lápá ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó máa ń bọ́ bàtà onígìgísẹ̀ kó tó wọ mọ́tò, á kó o sínú báàgì, ó ní bí wọ́n bá dá àwọn lọ́nà, òun fẹ́ lè sáré. Ẹ ò ní sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé owó ààbò ti pọ̀ jù.

Kò Kàn Mí

Kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ fún mi. N ó pín in dáadáa. N ó fún ìyá mi, n ó fún ìyàwó mi, ẹ̀yin tókù á gbàdúrà.

Sájẹ́ǹtì Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ, ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣe sójà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i.

Ìgbà kan tí wọ́n kó wa lọ sí Borno, bàtà mi lanu bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Mo fi okùn ìpẹja rán an, ó tún là. Mo rán an lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta mo wọ ọjà ìlú lọ, mo fi owó ara mi ra òmíràn lọ́wọ́ ọmọdékùnrin kan. Bàtà sójà gidi ni, tuntun, òórùn rọ́bà ṣì wà lára rẹ̀. Mi ò bi í léèrè ibi tó ti rí i.

Torí náà, nígbà tí Ìyá Tíṣà ní tírílíọ̀nù 4.91, mo rẹ́rìn-ín. Owó ààbò kọ́ ni owó sójà. Ọlọ́pàá wà nínú rẹ̀, DSS wà nínú rẹ̀, Civil Defence wà nínú rẹ̀, owó oṣù sì ń jẹ èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Èyí tó yẹ kó ra ìbọn àti bàtà ni kì í débi tó ń lọ. Ṣé ẹ rántí àwọn sójà 54 tí wọ́n dájọ́ ikú fún lóṣù Kejìlá 2014? Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n kọ̀ láti lọ sójú ogun. Àwọn ní kò sí nǹkan ìjà tí àwọn á fi dojú kọ Boko Haram. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yí ìdájọ́ náà padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ọdún 2015 yẹn kan náà ni wọ́n fẹ̀sùn kan olùdámọ̀ràn ètò ààbò ìgbà náà pé owó nǹkan ìjà tó tó bílíọ̀nù 2.1 dọ́là gba ibòmíràn lọ. Ilé ẹjọ́ ni ká jẹ́ kó sọ bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Èmi mọ bàtà mi ní tèmi.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Bí ẹ bá gé owó ààbò lónìí, ẹ má rò pé ti ọ̀gá la máa gé. Ti ọmọdékùnrin tó wà nínú kòtò pẹ̀lú ìbọn rẹ̀ la máa kọ́kọ́ gé.

Ìyá Tíṣà

Bàbá, ẹ ṣeun. Ti bàtà yẹn wọ̀ mí lára.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí i pé ohun tí ẹ sọ yẹn ń ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn? Tí owó ò bá dé ọ̀dọ̀ sójà, kí ló dé tí a ń fi kún un lọ́dọọdún?

Onísirò

Mo kí gbogbo ilé. Bébà ìṣúná ni mo ń kà bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí n da omi tútù sí i díẹ̀.

Ìlérí 2001 tí ìyá wa mẹ́nu bà: iye tí ààrẹ kà lọ́jọ́ yẹn pé ìjọba fẹ́ ná jẹ́ tírílíọ̀nù 47.9. Márùn-ún-dín-lógún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7.2. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ní a lé gbogbo sójà àti ọlọ́pàá lọ sílé lálẹ́ òní, a ti ilẹ̀kùn bárékè, a kó 4.91 yẹn tán pátá lé ti ìlera lórí. Ó di 7.39. Ìyẹn ni pé bí a bá tilẹ̀ pa ètò ààbò rẹ́, díẹ̀ báyìí la fi máa kọjá ìlérí náà. Ẹ̀kọ́ ò sì tíì jẹ nínú rẹ̀ o.

Erin tó wà nínú yàrá, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, gbèsè ni. Nínú 47.9 yẹn, 15.81 ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi san gbèsè. Ìlọ́po mẹ́ta owó ààbò, ó tún lé. Èmi tí ẹ rí yìí, tí wọ́n bá fún mi ní ọ̀bẹ, mi ò ní kọjú rẹ̀ sí sójà.

Ọmọ Ekìtì

Onísirò, ẹ wí i, ẹ tún un wí!

Ìyá Tíṣà

Mi ò ní ká lé sójà o, Onísirò. Ẹ má gbé ohun tí mi ò sọ sí mi lẹ́nu. Mo ní ká bù díẹ̀.

Èmi náà mọ ìṣirò kékeré tí wọ́n ń kọ́ ọmọ Praìmárì Mẹ́rin. Ìdá kan nínú mẹ́wàá 4.91 jẹ́ bílíọ̀nù 491. Ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe ètò kan láti 2023 títí dé 2026, tí wọ́n pè ní ètò owó fún ààbò àwọn ilé ìwé, ògiri, géètì, ẹ̀ṣọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bílíọ̀nù 144.8 ni wọ́n ní ó máa ná wọn fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ààbò ọdún kan ṣoṣo á san án lẹ́ẹ̀mẹta, á ṣẹ́ ṣéńjì. Ọmọ Ekìtì, ìyẹn ò ní dáàbò bo àwọn ọmọ Emùré ju ọkọ̀ òfuurufú kan tó ń fò lókè lọ?

Ẹ sì jẹ́ ká sọ ti òkè yẹn náà. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ogun Super Tucano 12 máa wọlé ní 2021, owó wọn ti sún mọ́ mílíọ̀nù 500 dọ́là. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023, ní Tudun Biri lápá Kaduna, dúróònù sójà ju bọ́ǹbù sáàárín àwọn tó ń ṣe Máólúdì. Àṣìṣe ni wọ́n pè é. Èèyàn tó kú kò dín ní 85. Àwọn náà lẹ́ni tó bí wọn.

Sájẹ́ǹtì Àgbà

Ti Tudun Biri yẹn, mi ò ní àwáwí kankan. Mo dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì Peckham

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ń ka èyí lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, ojú mi ti pọ́n.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé níbí, ní Ìlú Ọba, ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ ń lọ. Oṣù Kejì 2025 ni olórí ìjọba wa, Starmer, jáde pé àwọn fẹ́ gbé owó ológun lọ sí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé ilẹ̀ yìí títí di 2027. Ibo ni wọ́n ti máa rí i? Wọ́n ní àwọn á gé owó ìrànwọ́ tí àwọn ń fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, láti 0.5 wá sí 0.3. Èmi tí mo ń gba owó oṣù níbí, tí wọ́n ń yọ owó orí mi, tí mo tún ní ìyá ní Ìsẹ́yìn tó ń gba oògùn, mo wo tẹlifíṣọ̀n, mo ní "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ti ọwọ́ kan gba oúnjẹ lẹ́nu mi."

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé rèé. Oṣù kan ṣáájú ni Amẹ́ríkà ti dá owó ìrànwọ́ tirẹ̀ dúró, ti oògùn kòkòrò HIV, ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti ibà. Kí ni àwọn aṣòfin Abuja ṣe? Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n wá mílíọ̀nù 200 dọ́là, wọ́n fi kún owó ìlera inú ìṣúná 2025. Wọ́n rí i! Kò sí bárékè tí wọ́n tì kí wọ́n tó rí i. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún mi mọ́ pé owó ò sí, mo máa bi í pé owó wo lẹ wá fi dí ihò Amẹ́ríkà?

Onísirò

Òótọ́ ni, ìyá mi. Ṣùgbọ́n kíkọ sínú ìwé kọ́ ni títú owó sílẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀tọ̀ ni ká fọwọ́ sí i, ọ̀tọ̀ ni ká rí i.

Akọ́ìtàn

Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ ọdún 1955 ni? Ó dára, èmi nìyí.

Ọjọ́ 17 oṣù Kínní 1955 ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Lọ́dún 1954, ọmọ 456,600 ló wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka orí ní 1955, wọ́n ti di 811,432. Ọdún kan péré! Bàbá mi wà lára wọn. Abẹ́ igi ọ̀dán ni wọ́n ti kọ́ ABD, ó ní bí ẹyẹ bá yàgbẹ́ sí síléètì ẹni, tíṣà á ní kó lọ fi ewé nù ún, iṣẹ́ ń lọ.

Ẹ má sì rò pé ó wá wọ́ọ́rọ́wọ́. Owó orí ni wọ́n fi ṣe é, inú bí àwọn èèyàn sí owó orí yẹn débi pé Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fìdí rẹmi nílé wọn nínú ìdìbò àpapọ̀ 1954, NCNC ló fẹ̀yìn wọn gbolẹ̀. Awólọ́wọ̀ ò torí bẹ́ẹ̀ dá a dúró. Ó mọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ọmọ Ekìtì

Ẹ̀gbọ́n Akọ́ìtàn, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé nǹkan kan: sójà mélòó ni Awólọ́wọ̀ ń bọ́ ní 1955? Òdo! Ìjọba àpapọ̀ àti àwọn òyìnbó ló ń gbé ẹrù yẹn. Ẹni tí kò sanwó ọdẹ ló ń ní owó ilé ìwé lápò.

Akọ́ìtàn

Ìyẹn gan-an ni mo ń dúró dè kí ẹnì kan sọ. Ẹni tí kò sanwó ọdẹ ló rówó kọ́mọ. Àbúrò, ìwọ lo gbèjà Ìyá Tíṣà yẹn, o ò sì mọ̀!

Ẹ gbọ́ èyí náà. Kí ogun abẹ́lé tó dé, sójà Nàìjíríà ò ju bíi 10,000 ó lé díẹ̀ lọ. Nígbà tí ogun parí ní 1970, wọ́n ti tó 250,000. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé wọ́n ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ta ló máa so agogo mọ́ ológbò lọ́rùn? Ìjọba sójà fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í dín wọn kù lẹ́yìn 1975, sáà Ọbásanjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n sì dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè, oṣù Kẹsàn-án 1976. Mi ò ní náírà tí wọ́n yọ lára sójà ni wọ́n fi ra ṣọ́ọ̀kì o. Owó epo ló ń wọlé gìrìgìrì nígbà yẹn. Mo kàn ń sọ pé ayé ò parí.

Ti Costa Rica tún wà níbẹ̀, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1948, Figueres tó ń ṣe olórí wọn gbé òòlù ńlá, ó fi fọ́ ògiri bárékè Bellavista lójú gbogbo èèyàn, ó ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun ti parí nílẹ̀ àwọn. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin wọn ní 1949. Bárékè yẹn ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn ọmọléèwé ló ń wọ ibẹ̀ báyìí, tí wọ́n ń ka ihò ọta ara ògiri.

Ọmọ Ekìtì

Costa Rica ò tó Èkó lọ́pọ̀ èèyàn. Amẹ́ríkà ló tún wà lẹ́yìn wọn bí ẹ̀gbọ́n olówó. Ẹ sì wò ó, ní 2023 ìpànìyàn ibẹ̀ ga ju ti ọdún èyíkéyìí tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ lọ, torí àwọn tó ń gbé kokéènì. Ta ló bá wọn mú wọn? Òòlù?

Kò Kàn Mí

Mo ń wá irú òòlù yẹn fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin.

Jàgùdà Wẹ́ẹ̀bù

Gbogbo yín ń sọ ìsọkúsọ. Sójà gbọ́dọ̀ padà wá gbàjọba kí nǹkan tó dáa. Òmùgọ̀ ni gbogbo ẹ̀yin tíṣà yìí.

Alámòójútó

Jàgùdà, ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Àgbà wà níbí, a kì í pe ìyá ẹni lómùgọ̀. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ará Kétu

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń kọ̀wé láti Kétu, ní Benin. Yorùbá tiwa ní ìdùn tirẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

A ti máa ń ka ọ̀rọ̀ ajínigbé yín bí ìròyìn ará ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹrin 2025, àwọn agbébọn pa sójà wa 54 lókè lọ́hùn-ún, níbi tí a ti bá Burkina Faso àti Niger pààlà. Ọ̀kan lára ọmọ tí a jọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ wà ní bárékè lápá ibẹ̀, ó yè é. Ó sọ fún mi pé àwọn agbébọn yẹn kì í fìbọn wọ abúlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ wá bí oníwàásù. Wọ́n á bá àwọn dáràndáràn parí ìjà ilẹ̀ tí ilé ẹjọ́ ò dá fún wọn láti ọdún mẹ́fà. Wọ́n á ya ọ̀dọ́kùnrin lówó ra ọ̀kadà. Ìgbà tí ìbọn máa dé, wọ́n ti dọmọ ilé.

Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi máa sọ pé ìbọn ni àwọn nílò. Ohun tó ní kí n gbàdúrà fún ni kànga. Ó ní níbi tí kànga ìjọba wà, àwọn ará abúlé máa ń wá sọ fún àwọn bí àlejò bá dé.

Onímọ́tò

Èmi ò kàwé púpọ̀. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, Ìlọrin sí Adó, ọdún kọkànlá nìyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ò tíì sọ.

Ajínigbé kì í dúró síbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú. Mọ́tò ò ní dúró fún un níbẹ̀. Ibi kòtò ni wọ́n máa ń lúgọ sí, ibi tí o ti gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì, kí o wá jíà wálẹ̀ sí ọ̀kan, kí o máa yí sọ́tùn-ún yí sósì bí ọ̀mùtí. Mo mọ kòtò mẹ́ta tí gbogbo wa awakọ̀ mọ̀. Tí a bá kù díẹ̀ ká débẹ̀, èrò inú mọ́tò á dákẹ́, pásítọ̀ á bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àwọn Àlàáájì á máa fa tẹ̀súbáà. Tí a bá ti kọjá, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ariwo.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lójú ọ̀nà náà o, pọ̀ọ̀pọ̀. Ọ̀gangan ibi tí ọ̀nà ti dáa ni wọ́n máa ń dúró sí.

Ẹ wá sọ fún mi. Tí wọ́n bá da ọ̀dà sí kòtò mẹ́ta yẹn, ṣé owó ààbò ni wọ́n ná, àbí owó iṣẹ́ òde?

Nọ́ọ̀sì Peckham

Onímọ́tò, ẹ ti parí ọ̀rọ̀!

Ọmọ Ekìtì

Mo gbà fún un. Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn kòtò yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tó fẹ́ kówó lọ síbi ìrànwọ́ mẹ̀kúnnù. Oṣù Kínní 2024, wọ́n dá mínísítà tó ń bójú tó ìrànwọ́ yẹn gan-an dúró, torí mílíọ̀nù 585 tí wọ́n ní kí wọ́n san sínú àkáǹtì èèyàn kan dípò àkáǹtì ìjọba. Òótọ́ tàbí irọ́? Ṣé kòkòrò ìdí ẹ̀fọ́ tí Bàbá Sájẹ́ǹtì sọ, kò mọ ọ̀nà iléeṣẹ́ mìíràn ni?

Sájẹ́ǹtì Àgbà

Ó mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn ni oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, bárékè ni oúnjẹ alẹ́.

Onísirò

Ọmọ Ekìtì béèrè ìbéèrè gidi, ẹ jẹ́ ká fọkàn bá a lọ, torí ibẹ̀ ni èmi náà fẹ́ já sí.

Ìyá Tíṣà, ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ẹ lọ yẹn, kì í ṣe ti Abuja. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ín, ìpínlẹ̀ ń bá wọn dá sí i. Praìmárì tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí ààrẹ bá yọ bílíọ̀nù 491 tí ẹ ní ká bù yẹn lọ́la, ibùsọ̀ ńlá ńlá ló máa kọ́kọ́ bà sí, ilé ìwòsàn fásitì àti iléeṣẹ́ mínísítà. Iná sólà kékeré tí nọ́ọ̀sì yẹn nílò ò sí lójú ọ̀nà yẹn rárá.

Páìpù kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó gba tààrà láti òkè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ wà nínú òfin ìlera 2014. Òfin náà ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán náírà kan nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún tó wọ àpò rẹ̀, kí ó lọ sí ìpìlẹ̀ ìlera. Apá kan rẹ̀ máa ń bọ́ sínú àkáǹtì ilé ìwòsàn alábọ́dé fúnra rẹ̀, kì í gba ọ̀dọ̀ káńsẹ́lọ̀, kì í gba ọ̀dọ̀ alága. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣe olórí ibẹ̀ àti alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù ló ń buwọ́ lù ú. Ìyẹn ni pé ará àdúgbò wà níbẹ̀, ẹni tí ẹ lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 sì ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà, kí gómìnà yé dì í mú. Bí ó ṣe ń lọ yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, mi ò ní bu ẹ̀rọ̀ sí i fún yín.

Tí ẹ bá wá ní kí wọ́n sọ náírà kan yẹn di méjì, kí wọ́n yọ èkejì lára owó ààbò, èmi Onísirò tó ń da omi tútù sí nǹkan máa bá yín buwọ́ lù ú. Àyípadà yẹn, mo lè fi ìka tọ ọ̀nà rẹ̀ títí dé orí tábìlì tí ọmọ ti bọ́ sílẹ̀.

Ìyá Tíṣà

Ẹ ṣeun, Onísirò. Mi ò gbọ́ nípa owó yẹn rí, bẹ́ẹ̀ ọdún kejìdínlógún mi lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nìyí.

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé ti ààbò pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ kí ó dà sí. Mo máa lọ bẹ ọmọ wò lọ́jọ́ Sátidé, mo máa yà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn.

Sájẹ́ǹtì Àgbà

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ bá mi ra iná tọ́ọ̀ṣì olórí fún un, èyí tí àwọn ọdẹ máa ń dè mọ́ iwájú orí. N ó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Eyín èèyàn kì í ṣe ibi ìgbékọ́ fóònù.

Ìyá Tíṣà (ọjọ́ Àìkú)

Mo ti dé. Ọmọ ń jẹun dáadáa, wọ́n sọ ọ́ ní Ìmọ́lẹ̀ ayọ̀, àbúrò mi ní ẹni tó bá rẹ́rìn-ín kó máa rín in lọ. Bàbá, tọ́ọ̀ṣì dé ọwọ́ rẹ̀, ó dè é mọ́rí lójú mi, ó ní kí n kí yín.

Mo bi í nípa owó inú àkáǹtì. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ṣí fìríìjì yẹn, ó fa fáìlì kan yọ, ó fi bébà báǹkì hàn mí. Owó wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ì kúrò. Mo ní kí ló dé tí kò fi ra sólà. Ó ní ìwé ti wà nílẹ̀, òun ti buwọ́ lu tòun láti oṣù mẹ́rin, ṣùgbọ́n alága wọ́ọ̀dù tó yẹ kó buwọ́ lu èkejì ti kó lọ sí Èkó lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tíì yan òmíràn.

Onísirò, ta ló ń yan alága yẹn? Ẹ dá mi lóhùn kó tó di ọjọ́rú, ọjọ́ yẹn ni ìpàdé àwọn ìyá ọlọ́jà.

Onísirò

Ará àdúgbò ló ń yàn án, ìyá mi. Ẹ̀yin náà ni. Ẹ mú bírò dání.

Ọmọ Ekìtì

Ẹ bá mi kí Ìmọ́lẹ̀ ayọ̀.